Ojú Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Bí Ousmane Sembène Ti Kọ́ Láti Fi Kámẹ́rà Sọ Ìtàn

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ońṣẹ́ bá ti ọ̀nà jíjìn dé, a kì í dúró de ẹnu rẹ̀ kí a tó mọ̀ bóyá ire ni ó mú wá tàbí ibi. Ojú rẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ wò. Bí obìnrin kan bá ń rẹ́rìn-ín níbi ìnáwó, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ ń fa etí gèlè láìdẹkun, ìyá tí ó bí i lọ́mọ ti mọ̀ pé ẹ̀rín náà kò dé inú. Ohun tí a rí a máa tako ohun tí a gbọ́, nígbà tí méjèèjì bá sì takora, ohun tí a rí ni ọkàn wa máa ń gbà gbọ́.

Lórí òtítọ́ yìí ni gbogbo iṣẹ́ sinimá dúró lé. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wa ń wo sinimá bí ẹni tí ń gbọ́ rédíò. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré ni a ń tẹ̀lé. A kì í bèèrè ìdí tí ayàwòrán fi dúró sí ibi tí ó dúró sí, ìdí tí ó fi fi ọwọ́ hàn wá dípò ojú, tàbí ìdí tí ó fi gé àwòrán kan kúrò kí a tó wò ó tán. Àìbèèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ènìyàn dúdú jẹ lógún. Ọkùnrin ará Sẹ̀nẹ̀gà kan ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀nà tí ó gbà kọ́ iṣẹ́ náà, àti ohun tí ó fi ẹ̀kọ́ náà ṣe, ní ẹ̀kọ́ nínú fún wa.

ÒǸKỌ̀WÉ TÍ Ó PADÀ DI AKẸ́KỌ̀Ọ́

Ní ọdún 1923 ni a bí Ousmane Sembène ní ìlú Ziguinchor, ní agbègbè Casamance, ní ìhà gúúsù Sẹ̀nẹ̀gà. Apẹja ni baba rẹ̀. Wọ́n lé e kúrò ní ilé-ìwé nígbà tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó sì di ẹni tí ń fi agbára apá rẹ̀ jẹun ní Dakar. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Faransé mú un wọ iṣẹ́ ọmọ ogun. Lẹ́yìn ogun, ó kọjá sí ilẹ̀ Faransé, ó sì ń ru ẹrù ní èbúté Marseille. Ibẹ̀ ni ó ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti fi ara rẹ̀ kọ́ ìwé. Ibẹ̀ náà ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìtàn. Èyí àkọ́kọ́, Le Docker noir, jáde ní ọdún 1956. Ní ọdún 1960, ó tẹ Les Bouts de bois de Dieu jáde, èyí tí ó dá lórí ìyanṣẹ́lódì ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Dakar sí Niger ṣe ní ọdún 1947 sí 1948.

Bí ó ti jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ti kàn láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Àwọn alárù, àwọn ìyá ọlọ́jà, àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ó ń kọ ìtàn wọn, kò sí ọ̀pọ̀ nínú wọn tí ó lè kà á. Èdè Faransé ni a fi kọ ìwé náà, àwọn tí ìtàn náà jẹ́ tiwọn kò sì lọ sí ilé-ìwé Faransé. Ó dà bí ẹni tí ó ń ki ènìyàn ní oríkì ní èdè tí ẹni tí à ń kì kò gbọ́. Nígbà tí òmìnira dé ní ọdún 1960, tí Sembène sì padà wá rin ilẹ̀ Áfíríkà kiri, ó rí i pé bí òun bá fẹ́ bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀, àfi kí òun wá ohun mìíràn kún kálámù. Sinimá ni ó yàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣe. Ọkùnrin tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni ogójì ọdún, tí ó ti kọ ìwé ìtàn mẹ́ta, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọ̀gá, gbéra lọ sí Moscow ní ọdún 1962, ó sì padà di akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-iṣẹ́ sinimá tí a fi orúkọ Gorky pè. Olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni Mark Donskoy, ọ̀kan nínú àwọn ògbóǹtarìgì olùdarí eré ní Sófíẹ̀tì ìgbà náà. Kò sọ pé nítorí tí òun mọ ìtàn í kọ, òun ti mọ̀ ọ́n yà. Ó mọ̀ pé èdè mìíràn ni kámẹ́rà ń sọ, àti pé èdè tí ènìyàn kò bá kọ́, kò lè fi í sọ òtítọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

ÌLẸ̀KÙN TÍ A TI TÌ

Kí ló dé tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ènìyàn dúdú kan tó gbé kámẹ́rà ní ilẹ̀ tirẹ̀? Ẹ má ṣe rò pé ọ̀lẹ ni. Ní ọdún 1934, ìjọba Faransé ṣe òfin kan tí a mọ̀ sí òfin Laval, ní orúkọ Pierre Laval, ẹni tí ó jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn nígbà náà. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya sinimá ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Faransé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, àti pé ìjọba ni yóò yẹ ìtàn náà àti àwọn tí yóò ṣe é wò kí wọ́n tó fi ọwọ́ sí i. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá di ojú àwòrán mú ni yóò máa sọ fún ayé irú ènìyàn tí a jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa pẹ́kípẹ́kí. Paulin Soumanou Vieyra, ẹni tí a bí ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1925, ní ilẹ̀ Dàhòmì tí a ń pè ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Paris. Nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ya fíìmù ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀nà kò là. Wọn kò káwọ́ gbera. Wọ́n yí kámẹ́rà sí Paris fúnra rẹ̀, wọ́n ya ìgbé ayé àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí ń gbé níbẹ̀, wọ́n sì pè é ní Afrique-sur-Seine, ní ọdún 1955. Nígbà tí Sembène ti Moscow dé, Vieyra yìí kan náà ni ó dúró tì í ní Dakar, tí ó sì bá a ṣe ètò iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ àti ọmọ Casamance ni wọ́n jọ ṣí ìlẹ̀kùn náà.

OHUN TÍ KÁMẸ́RÀ Ń FI ÌDÚRÓ RẸ̀ SỌ

Ní ọdún 1963, Sembène gbé fíìmù kékeré kan jáde tí kò gùn ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Borom Sarret ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹni tí ó ni kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ìtàn náà rọrùn. Ọkùnrin kan tí ó fi ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní Dakar jáde ní òwúrọ̀, ó gbé èrò, ó gbé ẹrù, ọjọ́ náà sì parí sí òfo. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí àwòrán ti ń sọ̀rọ̀ yóò rí ẹ̀kọ́ púpọ̀ kó nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni ti òkè àti ìsàlẹ̀. Bí kámẹ́rà bá wà lókè tí ó ń wo ènìyàn nísàlẹ̀, ẹni náà yóò kéré lójú wa. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ tí ó ń wo òkè, ẹni náà yóò ga, yóò sì bani lẹ́rù. Ní àárín fíìmù náà, alágbe kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe é rìn rá wá sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́, ó ń bẹ̀bẹ̀. Orí kẹ̀kẹ́ ni a ti ń wò ó, ó sì kéré bí ohun tí a lè gbójú fò dá. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ gbójú fò ó dá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan tí ó múra bí ọ̀tọ̀kùlú tan ọlọ́kẹ̀kẹ́ náà wọ Plateau, àdúgbò àwọn ọlọ́lá tí kẹ̀kẹ́ ẹrù kò gbọdọ̀ wọ̀. Ọlọ́pàá dá a dúró. Nígbà tí ó ń wá ìwé rẹ̀ nínú àpò, àmì ẹ̀yẹ tí ó gbà lẹ́nu iṣẹ́ ogun já bọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ọlọ́pàá sì gbé ẹsẹ̀ lé e. Níbẹ̀ ni kámẹ́rà ti lọ sí ìsàlẹ̀: láti ilẹ̀, bàtà ọlọ́pàá náà tóbi, ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ sì ga bí igi ọ̀pẹ. Ọkùnrin tí ó fi ojú àbùkù wo alágbe ní òwúrọ̀ ti wà ní ipò alágbe. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó sọ ọ́ lẹ́nu. Ibi tí kámẹ́rà dúró sí ni ó sọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti jíjìnnà àti sísúnmọ́. Àwòrán tí a yà láti òkèèrè ń fi ibi tí ènìyàn wà hàn wá; èyí tí a yà láti agbede méjì ń fi ìṣe rẹ̀ hàn; èyí tí a yà láti ìtòsí ń fi inú rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó bá fi àwòrán ìtòsí ṣòfò yóò dà bí oníròyìn tí ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kígbe: nígbà tí ó bá di ibi tí ó yẹ kí ó kígbe, ohùn ti há. Àmì ẹ̀yẹ tí ó bọ́ sílẹ̀ yẹn, ohun kékeré ni. Bí a bá fi òkèèrè wò ó, a kò ní rí i. Sembène pa ìsúnmọ́ mọ́ fún un, nítorí pé inú ohun kékeré náà ni gbogbo ìtàn wà: ọkùnrin yìí ti jà fún Faransé, èrè ìjà náà sì nìyí.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ti ibùgbé. Ní ọdún 1914 ni ìjọba Faransé dá Médina sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n kó kúrò ní àárín ìlú Dakar. Sembène kò sọ ìtàn yìí fún wa lẹ́nu. Ó kàn fi ilẹ̀ iyanrìn àti ilé pẹlẹbẹ Médina hàn wá, lẹ́yìn náà ó fi ilé gogoro àti títì ọlọ́dà ti Plateau hàn wá. Ní Médina, ohùn ohun èlò olókùn ilẹ̀ wọn ni a ń gbọ́; ní Plateau, orin àwọn òyìnbó ni. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ tíì dé Dakar rí yóò mọ̀ pé ìlú méjì ni ó wà nínú ọ̀kan.

ÌBÒJÚ LÓRÍ ÒGIRI FUNFUN

Ní ọdún 1966, Sembène gbé La Noire de... jáde, fíìmù kan tí ó gùn ní nǹkan bí wákàtí kan, tí Christian Lacoste di kámẹ́rà rẹ̀ mú. Ní ọdún náà gan-an, ó gba ẹ̀bùn Jean Vigo ní ilẹ̀ Faransé, ó sì gba ẹ̀bùn gíga jù lọ ní àjọ̀dún sinimá àkọ́kọ́ ti Carthage, ní ilẹ̀ Tùnísíà.

Ìtàn ọmọbìnrin kan ni. Diouana ni orúkọ rẹ̀, Mbissine Thérèse Diop ni ó sì ṣe ipa náà. Obìnrin òyìnbó kan gbà á síṣẹ́ ní Dakar láti máa tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀. Inú Diouana dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ìbòjú onígi kan ta ọ̀gá rẹ̀ lọ́rẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n ránṣẹ́ pè é sí Antibes, ní etí òkun ilẹ̀ Faransé. Ó rò pé òun ń lọ rí ayé. Nígbà tí ó dé, gbogbo ayé tí ó rí kò ju ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti yàrá rẹ̀ lọ. Ó di ẹni tí ń fọ̀, tí ń gbálẹ̀, tí ń se oúnjẹ fún àlejò, láìsí ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀ bí ènìyàn.

Àwọ̀ méjì péré ni Sembène ní lọ́wọ́, dúdú àti funfun, ó sì fi wọ́n ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ. Ògiri ilé náà funfun, ọpọ́n ìwẹ̀ funfun. Diouana nìkan ni ó dúdú níbẹ̀, àti ìbòjú tí ó fi tọrẹ, èyí tí wọ́n gbé kọ́ sórí ògiri. Ní Dakar, ẹ̀bùn ni ìbòjú náà. Ní Antibes, nígbà tí a rí i tí ó dá wà lórí ògiri funfun gbalaja náà, a mọ̀ pé Diouana ni wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ìbòjú rẹ̀ kúrò lára ògiri, a kò tún nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé sùúrù rẹ̀ ti pin.

Ẹ tún wo bàtà àti aṣọ rẹ̀. Aṣọ gbàjúmọ̀ àti bàtà gogoro ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ ilé, nítorí pé òun kò gbà nínú ara rẹ̀ pé ìránṣẹ́ ni òun. Ọ̀gá rẹ̀ fi aṣọ ìdáná bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ní kí ó bọ́ bàtà. Ìjà ńlá ni a jà níbẹ̀, láàárín ẹni tí ó mọ iyì ara rẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun ìjà náà kò sì ju bàtà àti aṣọ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni olóye ń fi ohun èlò ilé sọ ìtàn.

Diouana pa ara rẹ̀ nínú ọpọ́n ìwẹ̀ funfun náà. Sembène kò fi ariwo ẹkún kún un. Ó fi àwòrán náà hàn wá ní ṣókí, ó gé e, a sì bá ara wa ní etí òkun níbi tí àwọn ènìyàn ti ń yá oòrùn, tí ọ̀kan nínú wọn ń ka ìwé ìròyìn. Àwòrán ikú àti àwòrán ìgbádùn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì: kí ni ó kù tí ẹnu lè sọ?

Èyí mú wa dé ẹ̀kọ́ tí àwọn ará Rọ́ṣíà fi kọ́ gbogbo ayé, pé ìtumọ̀ kò sí nínú àwòrán kan ṣoṣo, bí kò ṣe nínú ìsopọ̀ àwòrán méjì. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Lev Kuleshov mú ojú òṣèré kan tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì sunkún, ó so ó mọ́ àwo ọbẹ̀, ó tún so ojú kan náà mọ́ pósí ọmọdé, ó sì tún so ó mọ́ obìnrin tí ó dùbúlẹ̀. Ìtàn sọ pé àwọn òǹwòran yin òṣèré náà pé ebi ń pa á níbi ọbẹ̀, pé ó ń ṣọ̀fọ̀ níbi pósí, pé ìfẹ́ wà lójú rẹ̀ níbi obìnrin. Ojú kan náà ni. Òǹwòran ni ó fi ọkàn ara rẹ̀ kún ààyè tí ó wà láàárín àwòrán méjèèjì. Àwa tí a bí sí ìdí òwe yẹ kí ó tètè yé, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òwe ń ṣe: a fi ohun kan sí ẹ̀gbẹ́ ohun mìíràn, a sì fi ìtumọ̀ sílẹ̀ fún ọmọlúwàbí láti gbé.

Ní ìparí fíìmù náà, ọkọ obìnrin òyìnbó náà kó ẹrù Diouana padà wá sí Dakar, ó mú owó wá fún ìyá rẹ̀. Ìyá kọ owó náà. Ọmọdékùnrin kan mú ìbòjú, ó fi bo ojú, ó sì ń tẹ̀lé ọkùnrin náà kiri àdúgbò. Ọkùnrin náà ń yára, ọmọ náà ń tẹ̀lé e, títí ó fi sá dé ibi ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà náà ni ọmọ náà sọ ìbòjú kalẹ̀ kúrò lójú, a sì rí ojú ọmọdé tí ó ń wo àwa fúnra wa. Ìbòjú kan ṣoṣo: ó ti jẹ́ ẹ̀bùn, ó ti jẹ́ ọ̀ṣọ́ ògiri, ó ti jẹ́ ohun ìjà, ó sì parí sí ẹlẹ́rìí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ óò fẹ́ mọ̀ pé Sembène fúnra rẹ̀ wà nínú fíìmù náà. Ipa tí ó yàn fún ara rẹ̀ ni ti olùkọ́ ilé-ìwé tí ń gbé láàárín àwọn mẹ̀kúnnù.

ÀLÉÉBÙ KAN, ÀTI ÀTÚNṢE RẸ̀

A kò gbọdọ̀ fi ìyìn bo àléébù mọ́lẹ̀. Nínú àwọn fíìmù méjèèjì yìí, Faransé ni ọlọ́kẹ̀kẹ́ fi ń ronú, Faransé náà ni Diouana fi ń bá ọkàn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti ya àwòrán tán ni wọ́n fi ohùn sí i. Ohùn tí a gbọ́ ní ẹnu Diouana kì í ṣe ti Mbissine Diop pàápàá, ti Toto Bissainthe, ọmọ ilẹ̀ Haiti, ni. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé dáradára, ẹ wo bí ó ti ń fi Faransé dídán ṣọ̀fọ̀ ara rẹ̀! Ohun tí Sembène torí rẹ̀ kúrò nídìí ìwé kíkọ ni ó tún bá pàdé nínú sinimá.

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ títí. Ní ọdún 1968, ó ya Mandabi, ìtàn ọkùnrin kan ní Dakar tí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí láti Paris tí kò sì lè gbà á nítorí ìwé àṣẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ya á, lẹ́ẹ̀kan ní Faransé, lẹ́ẹ̀kan ní èdè Wolof. Ti Wolof ni ó yí ìtàn sinimá Áfíríkà padà, nítorí pé nígbà náà ni ojú àti ẹnu ṣẹ̀ṣẹ̀ bára mu. Láti ìgbà náà títí Sembène fi kú ní Dakar ní oṣù kẹfà ọdún 2007, kò tún fi èdè àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣeré.

Àwa náà kò ṣàì gbọ́ ìpè yìí. Ọlá Balógun, tí ó kọ́ iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tí Vieyra lọ ní Paris, ya Àjàní Ògún ní èdè Yorùbá ní ọdún 1976. Túndé Kèlání, tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ sinimá ní London, tí ó sì ti fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ fún àwọn òṣèré wa fún ọdún pípẹ́, gbé Ṣaworoidẹ jáde ní ọdún 1999. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rí i pé ìlù ń ṣe níbẹ̀ ohun tí ìbòjú ń ṣe nínú fíìmù Sembène.

IṢẸ́ TÍ Ó KÙ FÚN OLÙKỌ́

Ní ìgbà Sembène, kámẹ́rà ni ó ṣòroó rí. Lónìí, fóònù tí ó wà lápò ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń ya àwòrán tí ó ń rìn. Ìlẹ̀kùn tí òfin Laval tì ti ṣí gbayawu. Ṣùgbọ́n níní ọkọ́ kì í ṣe mímọ oko í ro. Àwọn ọmọ wa ń ya àwòrán láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹni tí ó kọ́ wọn ní gírámà àwòrán kò sì pọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe dá àbá mẹ́rin yìí, èyí tí olùkọ́ lè ṣe láìná ju owó páálí kan lọ.

Èkíní: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gé páálí, kí ó gbẹ́ ojú fèrèsé onígun mẹ́rin sí àárín rẹ̀, kí ó sì fi wo ọjà tàbí àgbàlá. Kí ó kọ ohun mẹ́ta tí ó jẹ́ kí ó wọlé sínú fèrèsé náà sílẹ̀, àti ohun mẹ́ta tí ó yọ kúrò. Yíyàn yìí ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ gbogbo iṣẹ́ náà.

Èkejì: kí ọmọ kan jókòó sórí àga olùkọ́ lórí pèpéle, kí ẹlòmíràn kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ó ya á, lẹ́yìn náà kí ó gun orí tábìlì, kí ó tún un yà. Kí gbogbo kíláàsì sọ ibi tí ó ti dà bí ọba àti ibi tí ó ti dà bí ẹlẹ́wọ̀n.

Ẹ̀kẹta: kí wọ́n fi àwòrán márùn-ún sọ ìtàn ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí ó sì sọ owó nù, láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan. Lẹ́yìn náà kí wọ́n yí ipò àwòrán méjì padà, kí wọ́n wò ó bóyá ìtàn náà ṣì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ènìyàn méjì bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ìtàn náà, kí ayàwòrán má ṣe kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ó bá kọjá, yóò dà bí ẹni pé ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò, kì í ṣe ara wọn.

Ẹ̀kẹrin: kí olùkọ́ pa ohùn fíìmù Yorùbá kan, kí àwọn ọmọ wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ìtàn náà bá ṣì yé wọn, ayàwòrán ti ṣiṣẹ́. Bí kò bá yé wọn rárá, rédíò ni wọ́n ti ń wò.

Ẹnìkan lè bi mí pé, pẹ̀lú gbogbo ìṣòro tí ó wà ní ilé-ìwé wa, ṣé ọ̀rọ̀ sinimá ni ó kàn? Èsì mi ni pé àwọn tí wọ́n fi òfin ti ìlẹ̀kùn náà ní ọdún 1934 mọ iyì ohun tí wọ́n tì mọ́lé. Bí àwa bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lónìí tí a kò kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ti ń lò ó, a kò ní lè dá òfin ẹnikẹ́ni lẹ́bi mọ́. Àwọn ẹlòmíràn yóò máa yà wá bí wọ́n ti fẹ́, àwa yóò sì máa wo ara wa nínú dígí tí ẹlòmíràn gbé kalẹ̀.

Ọmọdékùnrin tí ó sọ ìbòjú kalẹ̀ ní ìparí fíìmù yẹn kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kàn wò wá ni. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà.